Àpótí Ńlá Olóyè Olúbọ̀dé

Ẹ má bi mí léèrè ìjọba ìbílẹ̀ tí ọ̀rọ̀ yìí ti ṣẹlẹ̀. Èmi náà ń gbé Abẹ́òkúta, mo sì fẹ́ máa gba iwájú gbogbo ọ́fíìsì wọn kọjá láìsí ẹni tí yóò pè mí wọlé. Ẹ sáà mọ̀ pé ọkùnrin kan wà nínú ọ̀kan lára wọn tó jẹ́ olùdarí ẹ̀ka ìròyìn. Theophilus Olúbọ̀dé ni wọ́n sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ ìsàmì rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti pè é bẹ́ẹ̀. "Olóyè Olùdarí Àgbà, Ẹnu tí Ìlú Fi Ń Sọ̀rọ̀" lorúkọ tó ń jẹ́. Bí o bá gé e kúrú, wàá padà sẹ́nu ọ̀nà, wàá tún wọlé.

Iṣẹ́ tí wọ́n gbà á sí ni kó máa sọ fún ará ìlú ohun tí ìjọba ń ṣe. Ìjọba tirẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣe nǹkan kan, nítorí náà ara rẹ̀ ló ń ròyìn. Ó ní ayàwòrán kan, Mùs'áb, tó ń gbé kámẹ́rà tẹ̀lé e kiri. Bí Olóyè bá ṣí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tuntun, Mùs'áb á yà á sí fídíò. Bí Olóyè bá sín níbi ìpàdé, Mùs'áb á yà á, àwọn òṣìṣẹ́ á sì pàtẹ́wọ́.

Ọ̀gbẹ́ni Kọ́láwọlé, igbákejì rẹ̀, ló ń darí àtẹ́wọ́ náà. Ọkùnrin yìí mọ ọ̀gá í pọ́n bí àgbẹ̀ ṣe mọ oko í ro. Láràárọ̀, bí mọ́tò Olóyè bá ti yọ, á ti dọ̀bálẹ̀ sẹ́nu géètì.

"Ẹ káàárọ̀ o, Olóyè. Oòrùn ti ń dúró dè yín kó tó lè ràn dáadáa."

"Sọ fún un pé mo ti dé," ni Olóyè á fèsì.

Ẹ má rò pé mò ń bù mọ́ ọn. Ohun tó ń sọ nìyẹn, á sì wojú sánmà kó lè mọ̀ bóyá oòrùn gbọ́.

Nílé rẹ̀ ní Adigbe pàápàá, kò sinmi. Ìyàwó rẹ̀, Lydia, jẹ́ ọ̀gá iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan. Olóyè pàṣẹ fún un pé kó máa fi fóònù ya òun sí fídíò, bí òun bá ń jẹun, bí òun bá ń rìn nínú pálọ̀, bí òun bá ń bá èèyàn sọ̀rọ̀ lórí aago.

"Bàbá Àyànfẹ́," ni Lydia bi í, "kí la fẹ́ fi fídíò ẹni tó ń jẹ ìrẹsì Ọ̀fàdà ṣe?"

"Àwọn òpìtàn ń bọ̀ lọ́jọ́ kan, Lydia. Wọ́n á fẹ́ mọ bí mo ṣe ń gbé ṣíbí."

Lydia ò jiyàn. Ó ń yà á láìfetí sí ohun tó ń sọ, ó sì ń kó gbogbo rẹ̀ pa mọ́ sínú ẹ̀rọ fídíò tó wà ní pálọ̀ wọn. Ẹ̀rọ ọ̀hún dúdú, ó kéré, o lè fi àtẹ́lẹwọ́ bò ó. Okùn kan ló so ó mọ́ tẹlifíṣàn. Ibẹ̀ ni Lydia ti ń wo fíìmù tí àwọn ọmọ wọn bá fi ránṣẹ́. Kó tó rà á, ó ti gbé fídíò tirẹ̀ lọ sí ìsọ̀, ó ní kí wọ́n fi dán an wò níṣojú òun, nítorí oríṣiríṣi ni fáìlì fídíò, ẹ̀rọ tó sì ń ka ọ̀kan lè máà ka èkejì. Bí iná bá ti dé ọ̀dọ̀ ẹ̀rọ yìí, kì í dúró de ẹnìkan. Fáìlì tó bá kọ́kọ́ bá pàdé ni yóò gbé jáde, á bọ́ sí èyí tó tẹ̀lé e, á máa lọ bẹ́ẹ̀. Olóyè ò wo fídíò ilé wọ̀nyí rí. Kò sí àtẹ́wọ́ nínú wọn.

Wàhálà bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ̀rọ àtijọ́ tó wà ní gbọ̀ngàn ọ́fíìsì, èyí tí wọ́n ń ki àwo fídíò bọ̀ lẹ́nu, dákẹ́ pátápátá. Gbogbo fídíò Olóyè ti wà nínú fíláàṣì, tẹlifíṣàn gbọ̀ngàn náà ò sì mọ ohun tó ń jẹ́ fíláàṣì. Ẹlòmíì á rán èèyàn lọ sí ọjà. Olóyè gbé Ìgbìmọ̀ Gíga Jù Lọ lórí Yíyan Ẹ̀rọ Fídíò kalẹ̀.

Ìgbìmọ̀ jókòó, ó jókòó títí, ìjókòó fẹ́rẹ̀ẹ́ di iṣẹ́ oṣù. Wọ́n jiyàn lórí bóyá ó tọ́ kí ẹ̀rọ ga ju orúnkún Olóyè lọ. Wọ́n jiyàn lórí irú aṣọ tí wọn yóò fi bò ó. Kò sí ẹni tó béèrè ohun tó ń kà. Nígbà tó yá, wọ́n ránṣẹ́ sí Àlàájà Sìlífátù, tí ìdílé rẹ̀ ti ń ta rédíò ní Aké látìgbà tí rédíò ṣì ń jẹ́ asọ̀rọ̀mágbèsì. Àlàájà kó ẹ̀rọ wá, ó tò wọ́n sórí tábìlì. Ọ̀kan kéré, irú ti Lydia gan-an. Ọ̀kan tóbi bí àpótí aṣọ ìyàwó, ó ń dán, iná aláwọ̀ mèremère sì ń ṣẹ́jú níwájú rẹ̀ láìnídìí.

"Olóyè, ẹ̀rọ yìí ò fi ti ìtóbi ṣe," ni Àlàájà wí. "Kékeré yìí á ka ohun tí kámẹ́rà yín bá yà. Ńlá yìí ti pẹ́ lọ́jà, ohùn lè jáde kí àwòrán má jáde. Ẹ mú fíláàṣì yín wá, ká fi fídíò yín kan dán wọn wò."

Olóyè wo ẹ̀rọ kékeré náà bí ẹni rí èèrà lójú ọbẹ̀.

"Àlàájà, ọ̀rọ̀ mi wúwo. Ẹ fẹ́ kí n gbé e sínú ohun tí afẹ́fẹ́ lè gbé lọ?"

"Ọ̀rọ̀ ńlá!" ni Kọ́láwọlé pariwo. Ìgbìmọ̀ pàtẹ́wọ́.

"Ẹ tún ní ká dán an wò. Fídíò tí èmi wà nínú rẹ̀ ni ẹ̀rọ kan yóò kọ̀ láti gbé jáde? Ọmọ ta ni ẹ̀rọ ọ̀hún?"

Àlàájà ní òun ti sọ tòun o. Oníṣòwò ni. Bí o bá fi ihò ìdí ìkòkò han oníbàárà, tó ní ihò yẹn gan-an lòun fẹ́, o ò lè já ìkòkò gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó kó ìyókù, ó lọ.

Bí àpótí ńlá ṣe wọ gbọ̀ngàn nìyẹn. Olóyè ní kí wọ́n dáṣọ àrán fún rìmóòtù rẹ̀, ó gbé e kọ́rùn bí oyè. Ó wá kéde pé, "Ẹnikẹ́ni tó bá fọwọ́ kan rìmóòtù yìí, tàbí tó fọwọ́ kan àpótí yìí, èmi ló fọwọ́ kàn. Ẹ sì mọ ohun tó ń ṣe ẹni tó bá fọwọ́ kàn mí."

Wọn ò mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n wọ́n mi orí.

Ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ lò ó, gbogbo òṣìṣẹ́ péjọ. Olóyè tẹ rìmóòtù. Ohùn rẹ̀ bú jáde bí àrá pé, "Ẹ̀yin èèyàn mi àtàtà!" Ojú tẹlifíṣàn dúdú bí ìdí ìkòkò. Wọ́n retí títí, àwòrán ò yọ. Olóyè yíjú padà, ó ń wò wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Kọ́láwọlé ló dìde. "Háà! Olóyè! Léèsì yẹn mà bá yín lára mu o!"

Akọ̀wé kan fò sókè. "Fìlà yẹn ńkọ́? Ẹ wo bó ṣe gẹ̀ sápá ọ̀tún!"

"Apá òsì ni," ni ẹlòmíì wí, wọ́n sì fẹ́rẹ̀ẹ́ bára wọn jà lórí fìlà tí ẹnikẹ́ni ò rí. Láti ọjọ́ náà ni àwọn òṣìṣẹ́ ti ń wá jókòó síwájú òkùnkùn, tí wọ́n ń yin aṣọ, tí wọ́n ń yin bàtà. Olóyè fúnra rẹ̀ wá bẹ̀rẹ̀ sí í rí nǹkan níbẹ̀. Ó ní àwòrán náà mọ́lẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ẹ jẹ́ kí n fi ẹ̀rín sílẹ̀ díẹ̀, kí n mú yín dé òpópónà kan ní Adigbe. Níbẹ̀ ni Olóyè ti ṣí kànga ẹ̀rọ kan pẹ̀lú ariwo. Lọ́jọ́ ìṣíde, omi dà yàà, Olóyè mu ún, Mùs'áb yà á. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, àwọn obìnrin gbé kẹ́ẹ̀gì dé, ẹ̀rọ tú afẹ́fẹ́ sí wọn lójú. Ìyá Àánú, nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìntì, tó jẹ́ olórí àwọn obìnrin àdúgbò náà, gba ọ́fíìsì lọ láti béèrè. Ó béèrè lẹ́ẹ̀kan, ó padà wá béèrè. Ìgbà tó béèrè jù, Olóyè gbé ìkéde jáde pé Ìyá Àánú ló fi ìlòkulò ba ẹ̀rọ ìjọba jẹ́, àti pé àyàfi tó bá kúnlẹ̀ tọrọ àforíjì ní gbangba, kò sí ẹni tí yóò tún un ṣe.

Ìyá tó ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbẹ̀bí ìdajì àwọn ọmọ àdúgbò náà wá di ẹni tí wọ́n ń yọ ṣùtì sí. Àwọn kan sọ ọ́ sí i lójú pé òun ló jẹ́ kí àwọn máa rin ọ̀nà jíjìn lọ pọn omi. Àwọn mìíràn wá bá a nílé, wọ́n ń sunkún.

"Ìyá, a mọ̀ pé ẹ ò ṣe é. Ẹ bá wa kúnlẹ̀ náà."

Ìyá Àánú wo àwọn kẹ́ẹ̀gì òfìfo tó wà lẹ́sẹ̀ wọn. Ó ní, "Ó dáa. Orúnkún mi ti wà nílẹ̀ fún ohun tó kéré ju omi lọ."

Olóyè mú ọjọ́. Ó pe Honorébù Oyíndà, obìnrin tó jẹ́ alága ìjọba ìbílẹ̀, kó wá wo fídíò ìṣíde náà, kó sì rí bí ọ̀daràn ṣe ń tọrọ àforíjì. Ìgbà tó ku ọ̀la ni ọkàn rẹ̀ wá já. Alága kì í ṣe òṣìṣẹ́ abẹ́ rẹ̀. Bí alága bá rí òkùnkùn, òkùnkùn ni yóò pè é.

Kí lẹ rò pé ó ṣe? Ó lè sọ òótọ́. Ó lè ra kékeré lọ́dọ̀ Àlàájà. Ṣùgbọ́n wọ́n á ní Olóyè ṣàṣìṣe. Nígbà tí Lydia wà níléèwé, ó yọ ẹ̀rọ kékeré tó wà ní pálọ̀, tòun ti gbogbo ohun tí Lydia kó pa mọ́ sínú rẹ̀. Ó ki fíláàṣì kan tí fídíò ìṣíde nìkan wà nínú rẹ̀ bọ̀ ọ́, ó gbé e dán wò lójú tẹlifíṣàn ilé: ara rẹ̀ ló kọ́kọ́ yọ síta, ó ń mu omi. Inú rẹ̀ dùn débi pé kò dúró wo ohun tó tẹ̀lé e. Ó gbé e lọ sí gbọ̀ngàn, ó tú ẹ̀yìn àpótí ńlá, ó fa ìfun rẹ̀ jáde, ó sì tẹ́ kékeré sínú ikùn ńlá. Rìmóòtù ẹ̀rọ Lydia wà lórí àga nílé. Olóyè ò tilẹ̀ rántí pé ó ní rìmóòtù. Ti ọrùn rẹ̀ ti tó o.

Ọjọ́ pé. Gbọ̀ngàn kún dé ẹnu ọ̀nà. Alága jókòó síwájú, Lydia wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìyàwó Olóyè, àwọn obìnrin Adigbe wà lẹ́yìn, Ìyá Àánú sì dúró nítòsí pèpéle nínú aṣọ funfun. Olóyè dìde.

"Honorébù, ẹ̀yin èèyàn mi àtàtà! Bí òjò bá rọ̀, ọlá mi ni. Bí ọ̀dá bá dá, ọ̀tá mi ni. Ẹ wojú tẹlifíṣàn kí ẹ rí ohun tí ọwọ́ mi ṣe, àti ohun tí ọwọ́ ẹlẹ́bi bà jẹ́!"

Ó na rìmóòtù bí ọ̀pá àṣẹ. Mùs'áb fi iná sí i lára ògiri. Àwòrán yọ, ó mọ́ kedere. Àwọn òṣìṣẹ́ kígbe, nítorí pé ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí wọ́n máa rí léèsì tí wọ́n ti ń yìn láti ọjọ́ yìí wá. Olóyè ò dé fìlà rárá. Omi dà nínú fídíò, Olóyè mu ún, àtẹ́wọ́ ró.

"Ìyá Àánú," ni Olóyè wí, "ó tó àkókò. Kúnlẹ̀."

Ìyá Àánú di etí tábìlì mú, ó gbé orúnkún kan kalẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni fídíò ìṣíde parí, ẹ̀rọ sì bọ́ sí fáìlì tó tẹ̀lé e.

Olóyè tún yọ lójú tẹlifíṣàn, singílẹ́ẹ̀tì ló wọ̀. Ó ń jẹ ìrẹsì Ọ̀fàdà. Ọbẹ̀ ata ń kán sí i láyà. Ẹnìkan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn. Olóyè tẹ rìmóòtù ọrùn rẹ̀. Ó tún un tẹ̀. Ẹ̀rọ ò dá a lóhùn.

"Ìrẹ̀lẹ̀ rèé o!" ni Kọ́láwọlé pariwo. "Ẹ wo aláṣẹ tó ń jẹun bí èèyàn!"

Fáìlì mìíràn dé. Olóyè dúró níwájú dígí ní yàrá, ó ń fún ojú pọ̀. "Èmi ò fẹ́ ipò alága," ló ń wí fún dígí. "Ẹ̀yin lẹ fi dandan gbé e lé mi lórí. Oyíndà ti jókòó pẹ́ tó lórí àga mi. Lydia, ṣé omijé yẹn ti jábọ́? Yà á láti apá òsì, omijé apá òsì mi ló máa ń dán."

Honorébù Oyíndà rọra gbé ẹsẹ̀ kan lé èkejì. Kọ́láwọlé ṣí ẹnu láti yin omijé, ó wo ojú alága, ó pa ẹnu dé.

Olóyè ń lu rìmóòtù mọ́ àtẹ́lẹwọ́. "Mùs'áb! Pa nǹkan yìí!"

"Olóyè," ni Mùs'áb fèsì láti ẹ̀gbẹ́ ògiri, ọwọ́ rẹ̀ wà lẹ́yìn, "ẹ ní ẹni tó bá fọwọ́ kàn án, ẹ̀yin ló fọwọ́ kàn. Èmi ò lè fọwọ́ kàn yín níṣojú alága."

Fáìlì mìíràn tún dé. Olóyè wà lórí àga nílé, fóònù wà létí rẹ̀. "Gbé tánkà omi sẹ́yìn ògiri, kí ẹnikẹ́ni má rí i. Fi páìpù gbé omi rẹ̀ gba abẹ́ ilẹ̀ wọ ẹ̀rọ. Kànga? Kànga wo? Ibi tí wọ́n gbẹ́ ò jìn tó sàréè ajá. Kí omi sáà dà títí Mùs'áb á fi yà á tán. Bó bá gbẹ lọ́la, a ó ní Ìyá Àánú ló bà á jẹ́. Ẹnu ìyá yẹn ti pọ̀ jù."

Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín mọ́.

Olóyè fò mọ́ àpótí ńlá. Ó gbé e sókè pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, bóyá ó fẹ́ gbé e sá lọ, mi ò mọ̀. Ìdérí ẹ̀yìn tí kò dè dáadáa já bọ́, ẹ̀rọ kékeré ṣubú jáde, okùn rẹ̀ gbé e dúró, ó sì ń fì síwájú, ó ń fì sẹ́yìn lábẹ́ ikùn Olóyè. Lójú tẹlifíṣàn, ohùn rẹ̀ ń lọ ní tirẹ̀, "Lydia, ṣé o ń yà mí? Ó dáa. Kí àwọn òpìtàn gbọ́."

Lydia dìde. "Bàbá Àyànfẹ́! Ẹ̀rọ mi rèé! Mo ní olè ló wọlé!"

Ó ti wá ẹ̀rọ náà títí láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Rìmóòtù nìkan ló bá. Ó jù ú sínú báàgì, kó lè fi í han Àlàájà, kó sì ra irú ẹ̀rọ náà bó bá ń padà lọ sílé. Ó yọ ọ́ báyìí, ó tẹ bọ́tìnnì kan, gbogbo nǹkan dúró jẹ́ẹ́. Àwòrán Olóyè gan pẹ̀lú ẹnu lílà.

"Lydia," ni ọkọ rẹ̀ wí, ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀. "O ṣeun. Jẹ́ ká máa lọ sílé."

"Ẹ dákun," ni ohùn kan wí láti ìsàlẹ̀. Ìyá Àánú ni, orúnkún rẹ̀ ṣì wà nílẹ̀. "Etí mi ò fi bẹ́ẹ̀ dáa mọ́. Ẹ bá mi dá a padà síbi tánkà yẹn."

Lydia wo ọkọ rẹ̀. Ọkùnrin náà ń mi orí fún un, díẹ̀díẹ̀, bí ọmọdé tí kò fẹ́ kí ìyá òun fi ẹjọ́ òun sùn. Ó wo ìyá àgbà tó wà lórí ilẹ̀. Ojú Lydia kún fún omi, kò sì sí ẹni tó ń yà á. Ó tẹ rìmóòtù, ó dá a padà, ó sì fi ohùn kún un.

Nígbà tó parí, Honorébù Oyíndà fúnra rẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, tó di ọwọ́ Ìyá Àánú mú. "Ẹ dìde, mà. Ẹ forí jì wá."

"Mò ń bọ̀," ni Ìyá Àánú wí. "Lílọ sílẹ̀ yá orúnkún mi ju bíbọ̀ lọ."

Àwọn obìnrin Adigbe sáré wá gbé e. Kọ́láwọlé ló kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́, tó ń pariwo pé òun ti mọ̀ látìbẹ̀rẹ̀ pé ìyá náà ò jẹ̀bi. Àárọ̀ ọjọ́ kejì ni ó ti dọ̀bálẹ̀ sí ẹnu géètì fún olùdarí tuntun, obìnrin kan tó bi í bóyá ẹ̀yìn ló ń dùn ún.

Wọ́n yọ Olóyè Olúbọ̀dé níṣẹ́, wọ́n sì ní kó máa wá jẹ́jọ́ kànga. Fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kò bọ́ sí ìta. Lydia ń se oúnjẹ fún un, kò sì ya nǹkan kan mọ́. Lọ́jọ́ kan ó ní, "Lydia, ìwọ náà mọ̀ pé o lè tẹ bọ́tìnnì tó ń pa á lọ́jọ́ náà." Lydia ní, "Mo mọ̀." Wọn ò tún sọ ọ́ mọ́.

Ìjọba ìbílẹ̀ gbẹ́ kànga gidi sí òpópónà náà. Kò sí ẹni tó sọ̀rọ̀ níbi ìṣíde rẹ̀, àwọn obìnrin sáà dé, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pọn. Lákòókò ẹ̀ẹ̀rùn, omi ilé Olóyè náà gbẹ. Ó dúró, ó retí kí ẹnìkan gbé omi wá. Nígbà tí kò rí ẹnìkan, ó gbé kẹ́ẹ̀gì, ó dé ìdí kànga ní ọ̀sán gangan. Ìlà gùn. Ó rìn kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tààrà lọ síwájú, ó gbé kẹ́ẹ̀gì síbi ẹnu ẹ̀rọ, ó wú ikọ́ láti la ọ̀nà ọ̀fun.

Ìyá Àánú jókòó lórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ, òun ló ń tò wọ́n.

"Ẹ káàsán, Bàbá Àyànfẹ́," ló wí. "Ẹ kú oòrùn. Ẹ̀yìn ni ìlà ti bẹ̀rẹ̀."

Gbogbo ènìyàn wò ó. Ọ̀rọ̀ kún ẹnu rẹ̀. Ẹ bá mi wo ọkùnrin yìí dáadáa, nítorí bóyá èyí nìkan ni mo rí tó ṣe tí mo lè ròyìn láìfi ṣẹ̀fẹ̀. Ó gbé ọ̀rọ̀ ọ̀hún mì. Ó gbé kẹ́ẹ̀gì rẹ̀, ó rìn lọ sẹ́yìn, ó gbé e kalẹ̀ lẹ́yìn kẹ́ẹ̀gì ẹni tó gbẹ̀yìn. Ẹnikẹ́ni ò pàtẹ́wọ́. Omi ń dà.